Bí Ẹ Ṣe Máa Gun Burj Khalifa Láìdààmú

Ẹni tó kọ́kọ́ pe ilé gíga ní ilé àwòṣífìlà kò tíì rí Burj Khalifa ti Dùbáì. Fìlà nìkan kọ́ ló ń ṣí níbẹ̀, ọrùn pàápàá á fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Mítà 828 ni ilé náà láti ilẹ̀ dé ṣóńṣó orí rẹ̀. Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, tí àwa ti ń fi yangàn láti 1965, mítà 105 péré ni. Ẹ to Ilé Kòkó méje léra wọn, ẹ ò tíì débẹ̀. Ìkẹjọ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi díẹ̀ ga jù ú lọ.

Àmọ́ gíga ilé náà kọ́ ló ń kó àlejò sí wàhálà. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọn ò mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà wà, wọn ò mọ aago tó yẹ kí wọ́n gòkè, wọ́n sì rò pé tí àwọn bá ti sanwó, gbogbo ilé ti di tàwọn. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe èmi náà nígbà àkọ́kọ́. Mo ní kí onítakisí gbé mi lọ sí Burj Khalifa, ó sì gbé mi lọ síbẹ̀ lóòótọ́, ó já mi sí ẹsẹ̀ ilé náà gan-an. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú ṣílẹ̀kùn fún mi, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá bi mí pé orúkọ wo ni mo fi gba yàrá. Mo ti wọ hòtẹ́ẹ̀lì! Kí n tó yí ká, kí n béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ èèyàn márùn-ún, kí n tó dé ibi tó yẹ kí n gbà wọlé, aago tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì mi ti kọjá. Wọ́n ṣàánú mi, wọ́n jẹ́ kí n gòkè. Ṣùgbọ́n oòrùn tí mo torí wíwọ̀ rẹ̀ sanwó kò dúró dè mí.

Torí náà ni mo ṣe kọ èyí, fún ẹni tó ń lọ sí Dùbáì, ì báà jẹ́ fún òwò, ì báà jẹ́ fún ìsinmi, ì báà jẹ́ pé bàálù ló fẹ́ pààrọ̀ níbẹ̀ tó wá ní ọjọ́ kan lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú ilé náà

Ilé ìran kọ́ ni Burj Khalifa. Ilé gbígbé ni, ilé iṣẹ́ ni, hòtẹ́ẹ̀lì ni. Ibi ìran wá jẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, hòtẹ́ẹ̀lì Armani lẹ máa kọ́kọ́ bá, èyí tí mo ṣèèṣì wọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé gbígbé, nǹkan bí 900, tí onílé ń dáná nínú wọn, tí ọmọ ń ké, tí ẹnì kan ń wá bàtà rẹ̀ kiri láàárọ̀ bíi ti ilé gbogbo wa. Àjà 43 àti àjà 76 ni adágún ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn tó ń gbébẹ̀ wà. Ọ́fíìsì ló pọ̀ lókè. Àjà 122 ni ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ At.mosphere. Àjà 124 àti 125 ni ibi ìran tí èèyàn púpọ̀ ń lọ. Àjà 148 ni ibi ìran kejì, èyí tó wọ́n. Láti 152 dé 154 ni yàrá ìgbafẹ́ tí wọ́n ń pè ní The Lounge. Bó bá ti kọjá ìyẹn, ẹ̀rọ àti irin ló kù: nǹkan bíi mítà 244 lókè pátápátá ni ẹnikẹ́ni kò gbé, tí wọ́n kàn gbé lé e kí ilé náà lè ga.

Nítorí náà, tíkẹ́ẹ̀tì yín kò kan hòtẹ́ẹ̀lì, kò kan adágún omi, kò kan ilé ẹni ẹlẹ́ni. Lífìtì tó ń gbé yín kò ní dúró lọ́nà. Ẹni tó bá ti mọ èyí kó tó kúrò nílé kò ní bá òṣìṣẹ́ kankan jà.

Ọdún 2004 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 2010 ni wọ́n sì ṣí i. Ilé iṣẹ́ Emaar ló ni ín. Burj Dubai ni gbogbo ayé ń pè é títí di ọjọ́ ìṣíde yẹn, ọjọ́ náà ni wọ́n fi orúkọ Sheikh Khalifa bin Zayed sọ ọ́, ọba Abu Dhabi tó tún jẹ́ ààrẹ gbogbo ilẹ̀ Ẹ́míréètì nígbà náà. Kí ẹ rántí pé gbèsè ti wọ Dùbáì lọ́rùn lọ́dún 2009, Abu Dhabi ló sì yọ owó ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ olóore kò ní béèrè ìdí.

Nǹkan kan tó wù mí kí ẹ wò kí ẹ tó wọlé ni ẹsẹ̀ ilé náà. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, wọ́n fi ẹ̀yìn ti òpó ńlá kan láàárín. Ìgbà tí mo rí àwòrán rẹ̀ láti òkè, ààrò ló wá sí mi lọ́kàn. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù: ẹsẹ̀ kan ń ti èkejì, èkejì ń ti ẹ̀kẹta, kò síbi tí ilé máa ṣubú sí. Adrian Smith ló ya ilé náà, Bill Baker sì ni ẹnjiníà tó ronú bó ṣe máa dúró; ilé iṣẹ́ Skidmore, Owings & Merrill ti Chicago ni àwọn méjèèjì ti ṣe é. Bó ṣe ń gòkè ni wọ́n ń gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kù, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn, kí atẹ́gùn má baà rí ojú kan gbá mú títí tí yóò fi máa mì ilé. Kọnkéré ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà ooru, òru ni wọ́n máa ń dà á, wọ́n á sì fi yìnyín po ó, nítorí oòrùn ibẹ̀ lè mú kọnkéré gbẹ kó tó dé àyè rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yan aago

Ibí gan-an niṣẹ́ wà. Aago wà lára tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, aago náà ló sì máa sọ irú ìran tí ẹ máa rí. Èyí tí mo fara mọ́ ni kí ẹ wọlé ní wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú wíwọ̀ oòrùn. Ìlà á jẹ nínú rẹ̀, àyẹ̀wò àpò á jẹ nínú rẹ̀, ẹ ó sì dókè nígbà tí ilẹ̀ ṣì mọ́ kedere. Ẹ ó rí ìlú lójú ọ̀sán, ẹ ó rí oòrùn tó ń wọ inú òkun, ẹ ó sì rí iná ìlú tó ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìran mẹ́ta, owó kan.

Oòrùn kì í wọ̀ lásìkò kan náà jálẹ̀ ọdún níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, nǹkan bí aago 5:30 ìrọ̀lẹ́ ni. Ní òpin oṣù Kẹfà, ó máa ń kọjá aago 7:00 bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Torí náà, aago 4:00 dára fún ẹni tó lọ nígbà ọyẹ́, aago 5:30 sí 5:45 sì dára fún ẹni tó lọ nígbà ooru. Ẹ má sì gbàgbé pé Dùbáì fi wákàtí mẹ́ta ṣáájú Nàìjíríà. Mo mọ ẹnì kan tí aago ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà l'Ékòó ní ọjọ́ kejì tó débẹ̀.

Àwọn aago ìrọ̀lẹ́ yìí ló wọ́n jù, nítorí gbogbo ayé ló ń du wọ́n. Bí owó kò bá tó, òwúrọ̀ lẹ mú, ẹ má mú alẹ́. Láàárọ̀, èrò kò pọ̀, ojú ọjọ́ máa ń mọ́ lára, òjìji ilé náà á sì na tàntàn lọ sí apá òkun bí ọ̀pá aago tó dùbúlẹ̀. Tó bá di alẹ́ pátápátá, iná nìkan lẹ máa rí, ẹ ò ní mọ èwo ni òkun, èwo ni aṣálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbà náà tún wà níbẹ̀. Láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹta ni ara ti máa ń tù, ojú sì máa ń ríran jìnnà. Ní ìgbà ooru, yanrìn máa ń wà nínú afẹ́fẹ́, gbogbo nǹkan á rí bí ẹni tó ń wo ìta láti inú gíláàsì tí wọn ò tíì nù. Ìgbà òtútù náà ní tiẹ̀: láwọn òwúrọ̀ kan, kùrukùru á bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀, orí àwọn ilé gíga nìkan ni yóò yọ síta bí erékùṣù. Ó lẹ́wà tí ó bá jẹ́ fọ́tò lẹ fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ìlú. Ẹ wo bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí ẹ má retí pé wọ́n á dá owó padà torí kùrukùru.

Láti ọdún 2022, Sátidé àti Sọ́ńdè ni òpin ọ̀sẹ̀ wọn, Jímọ̀ sì jẹ́ ààbọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ mú Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ńkọ́? Báńgà aláràbarà tí wọ́n máa ń yìn lára ilé náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn gbayì lóòótọ́, àmọ́ wọ́n máa ń ti ọ̀nà pa, èrò á kún bí eṣú. Ẹ jókòó sí ibòmíràn kí ẹ wò ó láti òkèèrè.

Ìgbésẹ̀ kejì: tíkẹ́ẹ̀tì wo?

Ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn tó ni ilé náà fúnra wọn ti ń tà á, ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà kó tó rà á máa ń bá a pé àwọn aago tó dára ti tán. Ẹ má dá ẹni tó ń fi tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀dínwó lọ̀ yín ní ojú pópó lóhùn.

Dirham ni owó wọn, wọ́n sì ti so ó mọ́ dọ́là láti ọdún 1997: dọ́là kan jẹ́ dirham 3.67. Èyí mú ìṣirò rọrùn. Ẹ pín iye tí ẹ rí sí 3.67, ẹ ti mọ iye dọ́là tó jẹ́ nìyẹn. Tí naira bá wá yí padà láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ sanwó, ọ̀rọ̀ ti naira ni, kì í ṣe ti Dùbáì.

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi mí jù ni pé ṣé kí àwọn fi owó kún un kí àwọn lọ sí àjà 148. Àjà 124 wà ní mítà 452, àjà 148 wà ní mítà 555. Mítà 103 ló wà láàárín wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odidi Ilé Kòkó kan. Síbẹ̀, ojú èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ní gíga yẹn, ọkọ̀ ti dà bí èèrà lójú èèyàn ní 124. Ní 148 èèrà náà kàn kéré sí i ni. Ìsinmi lẹ ń fi owó àjà 148 rà: wọ́n á gbà yín sí yàrá ọ̀tọ̀, wọ́n á fún yín ní dàbínù àti kọfí ilẹ̀ Lárúbáwá, ẹnì kan á máa mú yín kiri, àga wà, èrò kò pọ̀, ẹ ó sì tún sọ̀ kalẹ̀ wá sí 125 àti 124 kí ẹ tó lọ. Bí ẹ bá mú àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn lọ, mo ní kí ẹ san án. Bí ẹsẹ̀ yín bá le, 124 ti tó, ẹ fi ìyókù jẹun. Ẹ má sì torí pé ẹ fẹ́ sọ fún ará ilé pé ẹ dé ibi ìran tó ga jù láyé san án: Shanghai Tower ti ilẹ̀ Ṣáínà, tí ibi ìran tirẹ̀ wà ní mítà 561, ti gba oyè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

The Lounge wà fún ẹni tí owó kì í ṣe ìṣòro rẹ̀. Ilé oúnjẹ àjà 122 ńkọ́? Ẹni tó fẹ́ ṣayẹyẹ ìgbéyàwó pẹ̀lú aya rẹ̀ lè lọ, kó wọ aṣọ tó dára, kó sì ti gbàyè sílẹ̀. Àmọ́ èmi kì í lè jẹun dáadáa níbi tí ojú mi kò ti sí nínú àwo.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí ẹ ṣe máa débẹ̀

Tí ẹ bá wọ takisí, ẹ má sọ pé "Burj Khalifa". Ẹ sọ pé "Dubai Mall". Inú mọ́ọ̀lì yẹn, ní àjà ìsàlẹ̀ tí wọ́n kọ "Lower Ground" sí, ni ẹnu ọ̀nà àlejò wà. Bẹ́ẹ̀ ni: láti gun ilé tó ga jù láyé, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ.

Ọkọ̀ ojú irin ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀nà pupa ni kí ẹ wọ̀, ìyẹn Red Line, kí ẹ bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Burj Khalifa/Dubai Mall. Àmọ́ ìbọ́sílẹ̀ kọ́ ni dídé o. Ọ̀nà olórùlé kan, tó gùn ní nǹkan bíi mítà 820, ló so ibùdókọ̀ náà mọ́ mọ́ọ̀lì. Ó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ilẹ̀ rẹ̀ sì ń rìn fúnra rẹ̀ láwọn ibì kan, ṣùgbọ́n mítà 820 ni mítà 820. Ẹ kà á sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ tún fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i fún inú mọ́ọ̀lì, nítorí ilé ìtajà tó wà níbẹ̀ lé ní 1,200. Ẹja ekurá (shark) wà lẹ́yìn gíláàsì kan tó ga bí ilé. Gbogbo ọmọ kékeré ló máa ń dúró síbẹ̀, ọ̀pọ̀ bàbá náà. Ẹ fi ẹja sí ìgbà tí ẹ bá ń bọ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú irin náà, wọn kì í jẹun, wọn kì í mu nǹkan, wọn kì í sì jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ní àyè tiwọn, wọ́n kọ ọ́ sí ara ọkọ̀ àti sí ilẹ̀. Ọkùnrin tó bá ṣèèṣì dúró síbẹ̀ lè san owó ìtanràn. Ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìlà, àyẹ̀wò, lífìtì

Bíi ti pápákọ̀ òfurufú ni àyẹ̀wò ibẹ̀ rí. Àpò á gba inú ẹ̀rọ kọjá, ẹ̀yin náà á sì gba abẹ́ férémù kọjá. Ẹ má gbé ẹrù ńlá, oúnjẹ, tàbí ẹsẹ̀ kámẹ́rà wá. Ẹ tún yára lọ sí ilé ìtọ̀ nínú mọ́ọ̀lì kí ẹ tó tò. Ẹni tó bá ti wọ ìlà tán ni yóò mọyì ìmọ̀ràn yìí.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ẹnì kan á ní kí ẹ dúró níwájú aṣọ aláwọ̀ ewé kan, kí ẹ rẹ́rìn-ín. Wọ́n á fi kọ̀ǹpútà gbé yín sí orí ilé náà nínú fọ́tò, wọ́n á sì máa tà á fún yín nígbà tí ẹ bá ń jáde. Kò pọn dandan kí ẹ rà á. Kò tilẹ̀ pọn dandan kí ẹ yà á. Ẹ kàn sọ pé "no, thank you", ẹ máa lọ.

Ọ̀nà tó lọ sí ìdí lífìtì gùn, wọ́n sì to àwòrán àti àlàyé sára ògiri rẹ̀. Èèyàn púpọ̀ máa ń sáré kọjá. Ẹ dúró díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀: òpó kọnkéré 192 ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, ó lé ní mítà 50 sísàlẹ̀, nínú ilẹ̀ tí kì í ṣe àpáta líle. Ohun mìíràn tó yà mí lẹ́nu nípa ilé náà ni omi. Ẹ mọ omi tó máa ń kán láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ amúlétutù, tí à ń gbé garawa sí nídìí? Wọ́n ń gba tiwọn jọ, nǹkan bíi mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù 15 lọ́dún, wọ́n sì fi ń bomi rin àwọn igi àti òdòdó tó yí ilé náà ká.

Lífìtì náà kò ní fèrèsé. Iná á kú, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lára ògiri, nọ́ńbà àjà á máa sáré, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ẹ ń lọ. Mítà mẹ́wàá ni fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín ìṣẹ́jú kan ẹ ti dé àjà 124. Etí nìkan ló máa sọ fún yín. Ẹ máa gbé itọ́ mì, kí ẹ sì fún ọmọdé ní súìtì lá kó tó wọlé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: lókè

Nígbà tí ìlẹ̀kùn bá ṣí, gbogbo èrò á ya lọ sí ibi gíláàsì tó kọ́kọ́ hàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Ẹ yí ká sí òdì kejì, ẹ ó rí àyè.

Apá kan nínú àjà 124 wà níta gbangba, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí èèyàn lára, wọ́n sì fi gíláàsì gíga dá a. Ẹ wo àárín gíláàsì kan sí èkejì dáadáa: àlàfo tóóró wà níbẹ̀. Láti inú àlàfo yẹn ni kí ẹ ti yàwòrán, kì í ṣe láti ẹ̀yìn gíláàsì, nítorí ojú yín àti aṣọ yín ló máa hàn nínú gíláàsì. Ẹ so okùn fóònù mọ́ ọwọ́. Tí fóònù bá bọ́ láti mítà 452, kì í ṣe fóònù nìkan lẹ pàdánù. Èèyàn wà nísàlẹ̀.

Ìgbà kejì tí mo lọ, èmi àti àǹtí mi ni. Bí wọ́n ṣe jáde nínú lífìtì, ògiri ni wọ́n fi ẹ̀yìn tì, wọ́n di àpò wọn mú gírígírí. Wọ́n ní, "Ìwọ lọ wò ó, kó o wá ròyìn fún mi." Mo bẹ̀ wọ́n títí. Ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ kò ju pé mo ní kí wọ́n má wo ìsàlẹ̀ rárá, kí wọ́n wo òkèèrè níbi tí òkun ti pàdé ọ̀run. Wọ́n wò ó láti ibi ògiri. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n tún gbé òmíràn. Nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn ló ń fi ìka hàn mí pé adágún omi wà lórí òrùlé ilé tó wà nísàlẹ̀ ọ̀hún, pé ẹnì kan ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí gíga bá ń dẹ́rù bà, kó máa wo òkèèrè kó tó wo ìsàlẹ̀.

Kí lẹ máa rí? Níwájú òkun ni Sheikh Zayed Road, ọ̀nà ńlá tó gba àárín àwọn ilé gíga kọjá. Láti òkè, ọkọ̀ ibẹ̀ á dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹnì kan ń fà. Kọjá rẹ̀ ni òkun tí wọ́n ń pè ní Arabian Gulf, àti àwọn erékùṣù tí wọ́n fi yanrìn kọ́ ní àwòrán ayé, tí ojú ọjọ́ bá mọ́. Tí ẹ bá wo apá òsì òkun náà, Burj Al Arab wà níbẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì tó dà bí aṣọ ìgbòkun ọkọ̀; ó kéré gan-an láti ibẹ̀. Apá ọ̀tún ló lọ sí Dùbáì àtijọ́, níbi tí odò Dubai Creek àti ọjà àwọn tó ń ta góòlù wà. Lẹ́yìn yín, ìlú á máa fọ́n títí, á wá di aṣálẹ̀. Níbi tí ilé ti parí ni mo máa ń dúró sí jù. Kò sí odi, kò sí igbó, yanrìn ló kàn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá òjìji ilé náà. Ní ìrọ̀lẹ́, á na jáde sí apá ìlà-oòrùn, á gun orí ilé, á kọjá títì, á máa gùn sí i bí ẹ ṣe ń wò ó títí yóò fi pòórá mọ́ òkùnkùn.

Wíwọ̀ oòrùn níbẹ̀ ní ìtàn tó kan ẹ̀sìn. Oòrùn máa ń pẹ́ wọ̀ fún ẹni tó wà lókè ju ẹni tó wà nílẹ̀ lọ. Ní 2011, mùfútì àgbà Dùbáì, ìyẹn àgbà onímọ̀ òfin Ìsìláàmù ibẹ̀, sọ pé nínú àwẹ̀ Ràmàdáánì, kí àwọn tó ń gbé lókè àjà 80 fi ìṣẹ́jú méjì dúró sí i kí wọ́n tó ṣínu, kí àwọn tó kọjá àjà 150 fi mẹ́ta dúró sí i, nítorí wọ́n ṣì ń fojú rí oòrùn nígbà tí ará ìsàlẹ̀ ti ń jẹ dàbínù. Ilé kan ṣoṣo, ìgbà ìṣínu mẹ́ta. Ẹni tó bá gbààwẹ̀ gòkè lọ sí 124, kó má kàn tẹ̀ lé ìpè àdúrà tó wà lórí fóònù rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ń bẹ fún un láti san.

Nígbà tí iná bá ti tàn, ẹ gun àtẹ̀gùn lọ sí àjà 125. Ó wà nínú ilé, ó gbòòrò, èrò rẹ̀ sì máa ń fúyẹ́ díẹ̀ ju ti 124. Ohun ìṣeré fún ọmọdé àti fọ́tò fún títà pọ̀ níbẹ̀. Ẹ máa kọjá wọn, ẹ lọ síbi gíláàsì.

Sísọ̀kalẹ̀

Ìlà mìíràn wà fún lífìtì tó ń lọ sílẹ̀, ó sì máa ń gùn jù lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, torí gbogbo èrò ló fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dúró díẹ̀ lókè, kí ìlà náà lọ sílẹ̀ ná. Ẹ máa wo omi tó ń jó nísàlẹ̀, Dubai Fountain. Láti òkè ó dà bí ẹfun tí ẹnì kan ń fọ́n sórí aṣọ dúdú, kò sì ní ohùn kankan.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó. Adágún náà wà lẹ́yìn mọ́ọ̀lì, ẹsẹ̀ Burj Khalifa gan-an. Orin á bẹ̀rẹ̀, omi á ta sókè lórí ìlà tó gùn ní mítà 275, nígbà mìíràn á ga tó mítà 150, ẹ ó sì gbọ́ bó ṣe ń dún bí ìbọn nígbà tó bá ń já padà. Ọ̀fẹ́ ni. Ibi tí mo máa ń dúró sí ni afárá tó lọ sí ọjà Souk Al Bahar, ní apá tó kọjú sí ilé náà, kí omi àti ilé lè wọ inú fọ́tò kan náà. Ẹ débẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú, kí ẹ sì fi ọmọdé síwájú.

Bí orin bá ti parí, gbogbo èrò á ya lọ síbi takisí. Ẹ má bá wọn lọ. Ẹ wá ibi jókòó sí, ẹ ra omi, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ sinmi. Òmíràn á tún bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́. Ìgbà tó bá ti ń lọ lọ́wọ́, tí ojú gbogbo èèyàn wà lára omi, ni kí ẹ dìde lọ wọ ọkọ̀.